Ìran Irọ́ Tí Mo Rí Nípa Salerno

Mo parọ́ ìran fún Moṣọpẹ́, irọ́ yẹn ni kò sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Salerno títí ọkùnrin náà fi kú. Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Rippleside, ní London níbí, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Dókítà ti ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe fún mi. Mi ò kàwé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé orúnkún mi ti kọṣẹ́. Moṣọpẹ́ ló máa ń wẹ̀ mí tó bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé. Á ní, "Màmá Wòlíì, ẹ̀yìn yín yìí fẹ̀ ju Ripple Road lọ o!" Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Adédèjì ọkọ rẹ̀ ń ru lẹ́mọ́ọ̀nù lórí àwọn òkè etí òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salerno, ní Ítálì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ tòun ti ẹrù, ó ré bọ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì kán. Físà Moṣọpẹ́ ti wà nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó rìnrìn àjò, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wo ọ̀nà yìí."

Kí ni mo rí? Mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tí yóò máa wẹ̀ mí ni mò ń rò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ẹ̀mí bà lé. Mo ní, "Mo rí ilé olódi lórí òkè, mo rí ọ̀pẹ tó tò sí etí òkun. Omi yẹn ń dúró dè ọ́. Má lọ!" Ó wo àwòrán tí ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́, ó pariwo, "Yéè! Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí!" Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ti gbé Salerno rí kí n tó wá sí London, ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fọ̀ níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Ẹranko ni mí.

Adédèjì pè é láti ọsibítù. Mo wà níbẹ̀, ọṣẹ ṣì wà lára mi.

"Ìyàwó mi, ṣé o ti gbéra?"

"Màmá ní kí n má wá. Wọ́n rí omi."

Ó ní, "Omi wo? Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà."

Mo lè jẹ́wọ́ nígbà yẹn. Mo ní kí Moṣọpẹ́ da omi sí mi lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí èèyàn yín bá ń ṣàìsàn, tó sì ń pè yín, ẹ lọ, ohun yòówù kí ìran ẹnikẹ́ni wí. Moṣọpẹ́, mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Àárọ̀ yìí náà lo wẹ̀ mí, o sì tún dúpẹ́ pé mo gba ẹ̀mí rẹ là. Àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ló sin Adédèjì. O ò tíì fojú kan sàréè rẹ̀.