Wọ́n Ní Ọpọlọ Mi Jọ Ti Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mi ò láṣẹ àtibínú mọ́ nínú ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí mo bá gbóhùn sókè, màmá mi á tẹjú mọ́ mi, wọ́n á ní, "Ó ti ń bẹ̀rẹ̀." Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á tún bi mí pé kí ni mò ń gbọ́.

Súnkànmí, ẹ̀gbọ́n mi, ló ní àìsàn ọpọlọ. Ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, kí oògùn tó mú un balẹ̀. Ó ti ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún báyìí. Dókítà rẹ̀ ló sọ pé àwọn ń ya àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn àti ti ọmọ ìyá wọn tí ara wọn le, kí àwọn lè mọ̀ nípa àìsàn náà sí i. Mo yára gbà. Àbí ta ni ì bá tún ṣe é fún un? Mo dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń pariwo bíi pé wọ́n ń kan páànù lé mi lórí. Dókítà sọ fún èmi àti màmá mi pé ibì kan nínú ọpọlọ mi fẹ́lẹ́ díẹ̀, ó jọ ti ẹ̀gbọ́n mi, pé àwọn máa ń rí irú rẹ̀ lára ọmọ ìyá tí nǹkan kan ò ṣe, kì í ṣe àìsàn rárá.

"Ó jọ" nìkan ni màmá mi gbé délé! Wòólì ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní kí n wá máa sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ̀. Àwọn ẹbí Wálé, àfẹ́sọ́nà mi, ti wádìí wa, wọ́n mọ̀ nípa Súnkànmí, wọ́n sì gbà mí. Ìyá mìíràn á fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún àna. Tèmi lọ bá wọn nílé, wọ́n ní kí ẹbí Wálé má tíì wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. "Èmi kọ́ ni màá gbé wàhálà wọlé ẹni ẹlẹ́ni." Bí mo ṣe gbọ́, mo pariwo, mo fọ́ àwo.

Màmá ké sí ẹ̀gbọ́n mi pé, "Súnkànmí, máa ṣọ́ àbúrò ẹ o!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, ta ni kó ṣọ́ ta? Èmi tí mò ń lo oògùn, àbí ẹni tó ń fọ́ àwo?" Ló bá yíjú sí mi. "Káàbọ̀ o jàre. Tí ebi bá pa èmi náà tí mo kanra, àìsàn ni wọ́n máa ń pè é."

Ẹ̀rín yẹn ò pa mí.

Wálé ní òun á dúró, ṣùgbọ́n títí di ìgbà wo? Bí mo bá lọ sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbà pé mo ń ya wèrè nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ ẹ láìgba àṣẹ màmá, wọ́n á ní ohun tí àwọn ń wí gan-an nìyẹn. Ibo ni kí n gbà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ́ mi, mo bẹ̀ yín: báwo ni ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣe ń bínú?