Ògiri Gábàsì Ìyá Àgbà

Nínú takisí tó ń gbé wa láti Sokodé lọ sí Kambolé, tó kún débi pé èmi àti ewúrẹ́ kan jọ ń pín èémí, ni mo ti gbọ́ àríyànjiyàn ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí lé itan.

“Mama, ògiri gábàsì ni mo máa kàn án mọ́.”

“Ògiri tí mo ń kọjú sí kírun? O ò tó bẹ́ẹ̀!”

“Òun nìkan ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú yàrá yín. Amọ̀ ni ìyókù, ìṣó ò ní dúró. Tí ẹ bá fẹ́ kírun, ẹ kàn pa á ni.”

“Tí mo bá pa á ńkọ́? Ojú ẹ̀ á dúdú, á máa dán bíi dígí, èmi fúnra mi ni n ó máa rí nínú ẹ̀. Ṣé kí n wá máa forí kanlẹ̀ fún ara mi ni?”

Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí páálí náà. Mo búra, ewúrẹ́ náà yíjú. Ọmọkùnrin náà ṣí páálí díẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì yára pa á dé.

“Ẹ̀rọ lásán mà ni, Mama.”

“Lọ po sìmẹ́ńtì, kí o fi rẹ́ ògiri ẹ̀yìn mi. Ibẹ̀ ni kó ti máa wo ìpàkọ́ mi.”