Kòkòrò Tí Ọ̀gá Jogún

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Agbogbloshie, ní Accra, ni mo ti gbọ́ akọ̀wé kan tó ń rojọ́ fún bàbá oníṣu, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Bàbá, òyìnbó tó lọ ló ń sin kòkòrò tó ń jẹ òdòdó. Ọ̀gá wa tuntun jogún àga, ó jogún kòkòrò. Mo gbé ọmọ àwọn kòkòrò náà wálé nínú ìkòkò iyẹ̀pẹ̀ láti tọ́jú. Ìyá ìyàwó mi ní akókónó ni, ìdin inú ọ̀pẹ tí a máa ń jẹ, wọ́n sì dín gbogbo rẹ̀ jẹ."

"Ó dùn?"

"Wọ́n ṣàdúrà fún mi! Bí ọ̀gá bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

"Ṣé ọ̀gá máa ń wò wọ́n?"

"Ẹ̀rù wọn ń bà á! Ìkòkò ló máa ń fi han àlejò, á ní, 'Ẹ rọra, wọ́n ń sùn.'"

"Gbé ìkòkò iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ padà fún un, ọmọ mi. Kí wọ́n máa sùn lọ."