Ihò Tí Kò Sí Nínú Pílàánù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ìyàwó mi kò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìyá àgbàlagbà kan fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá fi ibi tó yẹ hàn wọ́n.

Alábòójútó iṣẹ́ ìkọ́lé ni mí. Nígbà náà, ilé ìtajà alájà méjì kan là ń kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìyànà Ọ̀fà. Ọwọ́ mi ni gbogbo iṣẹ́ wà: bíríkìlà, àwọn tó ń fa iná, àti púlọ́ḿbà. Ẹni tó ni ilé ti sọ fún àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù pé wọn yóò kó ẹrù wọlé kí Iléyá tó dé.

Ohun tó kù ni ihò sokawéè, níbi tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò máa dà sí. Ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn ilé, ni pílàánù fi í sí. A gbẹ́ ibẹ̀, a kan àpáta. Ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ju díígà sílẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, èyí kì í ṣe ilẹ̀ mọ́ o. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi eyín bù ú jẹ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo ro ti Iléyá. Mo ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ẹ sí ìlà oòrùn, lẹ́bàá ògiri ọgbà, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Múfú, púlọ́ḿbà wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹnjiníà, kànga Mààmá Tíṣà ló wà lẹ́yìn ògiri yìí o. Kò ju ìṣísẹ̀ méje lọ." Mo ní omi ìdọ̀tí kò ní dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sọ́dọ̀ kànga gan-an.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Mààmá Tíṣà. Wọ́n gbẹ́ kànga náà ní ìrántí ọkọ wọn, wọn kò fi àgádágodo sí i rí. Ọmọ iléèwé, ọlọ́kadà, àwọn tó ń ti oko bọ̀, gbogbo wọn ló ń pọn níbẹ̀.

Nígbà òjò ọdún kejì, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn ọmọdé ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ-ọmọ Mààmá fúnra wọn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Ọpẹ́ ni pé ó yè é.

Wolé-wolé dé, ó pe àdúgbò jọ sí ẹnu kànga, ó bi èmi tí wọ́n ṣì fi ilé ìtajà náà sí níkàáwọ́ léèrè ibi tí sokawéè wa wà. Mo tẹ́ pílàánù sórí ọkọ̀ mi, mo fi ìka tọ́ ìwọ̀ oòrùn. Ó rí òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀, ó ní, "Ó ti yé mi." Kò wọ inú ọgbà wa. Sìmẹ́ńtì ti bo ihò náà nígbà yẹn, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ìwé bá ti ní òǹtẹ̀, ta ni yóò tún fẹsẹ̀ rìn lọ wo ilẹ̀?

Ni gbogbo ojú bá yí sí ṣálángá tó wà lẹ́yìn ilé Mààmá. Obìnrin kan sọ ọ́ síta: "Tíṣà tó kọ́ wa ní ìmọ́tótó! Ìgbẹ́ yín lẹ fi ń ṣàánú fún wa!"

Mààmá tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé. Lọ́jọ́ kejì, Mààmá fúnra wọn ní kí wọ́n dí ṣálángá náà pa. Láti ìgbà náà, ilé aládùúgbò ni wọ́n ti ń tọrọ ibi tí wọn yóò ṣe gáà, tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀, nínú òjò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Omi náà kò sì yéé rùn. Wọ́n ti kànga pa.

Múfú ti ṣaláìsí. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti padà sí ìlú wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mààmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fún mi ní àga. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ìwọ lo mọ inú ilẹ̀. Mo fẹ́ gbẹ́ òmíràn kí n tó kú, kí wọ́n má baà máa fi omi rírùn rántí ọkọ mi." Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tó wù wọ́n. Ó tún sún mọ́ ògiri wa ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní, "Mààmá, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rò ó dáadáa. Ìwọ nìkan ni kò bú mi lọ́jọ́ yẹn."

Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Mo lè fi ibòmíràn hàn wọ́n, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Omi tuntun yóò mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn yẹn yóò bá wọn dé sàréè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Ajé. Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mààmá nìkan nínú ilé wọn ni? Àbí kí n pe wolé-wolé àti gbogbo àdúgbò jọ padà sí ẹnu kànga, kí n tẹ́ pílàánù kan náà sílẹ̀, kí n sì gbé ìka mi kúrò ní ìwọ̀ oòrùn?