Ojú-Ìwé Tí Tíṣà Olújìmí Fà Ya

Òtítọ́ tí Tíṣà Charles Olújìmí fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ̀, ó ní òun ò ní bá a wọ sàréè. Dókítà ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti ń dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Sabon Gari, ní Kano, ránṣẹ́ sí i pé àwọn fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkàwé àwọn. Ilé ìkàwé, nínú gbogbo ilé! Tíṣà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú rẹ̀, Dùnsìn ọmọ rẹ̀ sì rò pé omi ayọ̀ ni. Ó ní kí Dùnsìn mú ìwé ìpè ayẹyẹ náà méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Zoo Road, kó fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Hajarat àti Yàhàyá bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ pé, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Adaidaita, gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gbé e jókòó lórí pápá tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀. Wọ́n yìn ín títí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ àwọn ọ̀rọ̀ inú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀ ní gbogbo Kano. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín, Tíṣà ń fojú wá ẹnì kan láàárín èrò. Ó wo ìlà ìjókòó tó gbẹ̀yìn, ó rí Hajarat nínú híjáàbù, ó rí Yàhàyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti darúgbó, tí etí rẹ̀ ti wúwo, tó na etí sí ọmọ rẹ̀ kó lè bá òun tún ohun tí wọ́n ń wí sọ.

Iná ti lọ, máìkì ò ṣiṣẹ́. Tíṣà gbé bébà ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí Dùnsìn bá a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá tí bàbá télọ̀ náà gbọ́.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́," ó ní. "Ènìyàn burúkú ni mí."

Ó wá rò ó fún wọn. Lọ́dún 1999, ó ń kọ́ kíláàsì SS2, ó ní ọ̀kan náà ni soliloquy àti aside. Hajarat, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nawọ́. "Excuse sir, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Tó bá jẹ́ soliloquy, òṣèré yẹn nìkan ló wà lórí ìtàgé, ó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ aside, àwọn tó kù wà níbẹ̀, wọn ò kàn gbọ́ ohun tó ń sọ ni. I read am for library, sir." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kai! Tisha don fall!"

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tíṣà mọ òwe náà, ó ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí, ṣùgbọ́n ìgbéraga dí i létí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí Hajarat mú ìwé ọ̀hún wá lọ́la. Nígbà bíréèkì, ó yọ́ wọ ilé ìkàwé, ó ṣí ìwé ńlá náà, ẹyọ kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ ní. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Ó fa ojú-ìwé náà ya, ó ká a sápò.

"Ibi tó yẹ kí n ti dúró nìyẹn," ó ní. "Mi ò dúró."

Lọ́jọ́ kejì, Hajarat ṣí ìwé níwájú kíláàsì, kò bá ojú-ìwé. Tíṣà ní kí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé wá, orúkọ Hajarat ló gbẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ó fà á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó ní ọmọ náà ló fà á ya kí irọ́ rẹ̀ má baà hàn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Yàhàyá. Ọmọ ń sunkún: "Wallahi Baba, ba ni ba ce! Èmi kọ́!" Yàhàyá ò kàwé. Lójú tirẹ̀, lẹ́yìn àlùfáà, tíṣà ló kàn. Ó ní, "Hajara, tíṣà ò lè purọ́ mọ́ ọmọdé. Má dójú tì mí. Jẹ́wọ́, kí wọ́n lè foríjì ẹ́."

"Mo gbọ́ ohun tí bàbá náà sọ," ni Tíṣà wí. "Mo dúró síbẹ̀. Ojú-ìwé yẹn wà lápò mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, lórí pápá yìí kan náà, Hajarat kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ohùn rẹ̀ ò jáde. Ta ló ní kó gbé e sókè? Tíṣà ni. "Louder! Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́!" Ọmọ náà kígbe ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ tẹkún-tẹkún, síbẹ̀síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan mọ́, ìdí máṣíìnì bàbá rẹ̀ ló jókòó sí. Láti ìgbà náà, gbogbo ọdún Iléyá ni Yàhàyá ń gbé ẹran wá fún Tíṣà, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí ọmọ òun. Tíṣà ń gba ẹran náà, ó sì ń jẹ ẹ́.

Ó mú ojú-ìwé náà jáde, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. Dùnsìn sáré dì í mú. "Daddy, abeg, ó ti tó! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Ó gba ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Hajarat, ọmọ mi, èmi ni mo fà á ya. Dárí jì mí."

Àìsàn ti gba ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò kọjá ìlà ìjókòó kẹta. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Yàhàyá ń fa híjáàbù ọmọ rẹ̀: "Kí ló wí? Hajara, me ya ce?"

Hajarat dìde. Kò bínú. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè," ó ní. "Baba mi ò gbọ́."

Tíṣà mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ ké e. Ó ké e lẹ́ẹ̀kejì, ó ké e lẹ́ẹ̀kẹta, títí Yàhàyá fi ṣí fìlà lórí, tó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ní, "Hajara, dárí jì mí."