Àmín Tí A Ṣe ní Pápá Ilé Ìwé

Bàbá Ọláníyan, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò wá jókòó, ẹ má sì ní kí wọ́n bu omi fún mi, omi wà nílé wa. Ẹ mọ̀ mí ṣá, èmi Zikrullah, ọmọ Hàbíbátù tó ń ránṣọ lẹ́yìn ilé yín níbí ní Bàrúwà, èmi tí mo fi alángbá sínú àpótí ṣọ́ọ̀kì, èmi tí mo lu agogo ìparí ilé ìwé láàárọ̀ kùtù tí gbogbo ọmọ fi sáré lọ sílé, tí ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ òbí fi wá fẹjọ́ mi sùn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín náà. Èmi ò lè rín in lónìí. Inú ò tiẹ̀ bí mi, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní dùn.

Àdúrà la pè é o, Bàbá! Ṣé àdúrà kọ́ lẹ ní ká gbà lọ́jọ́ yẹn?

Ọjọ́ tí àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni tó fẹ́ gba ilé ìwé wa lọ́wọ́ ìjọba wá, gbogbo òbí pé sí pápá. Wọ́n ní ìjọba ló ṣì ni ín, àwọn kàn fẹ́ máa bá a darí ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ṣì ni, àwọn á kùn ún, àwọn á gbé kọ̀ǹpútà wá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìdánwò kankan. Wọ́n wá gbé máìkì fún ẹ̀yin, alága, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kí Ọlọ́run fìdí iṣẹ́ rere yìí múlẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe? Ta ni wọ́n ń gbàdúrà létí ẹ̀ ní Alimọ́ṣọ́ yìí tí kì í ṣe àmín? Onígbàgbọ́ ṣe é, Mùsùlùmí ṣe é, ìyá mi ló pariwo jù, ó tún fọwọ́ méjèèjì ra ojú.

Àmín yẹn ni wọ́n wá sọ di ìfọwọ́sí! Nígbà tí ìyá mi lọ béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ Ganiyat, àbúrò mi, wọ́n gbé fídíò ọjọ́ náà jáde lórí fóònù, wọ́n ní, “Màmá, ṣé ẹ ò rí ara yín ni? Gbogbo òbí ló fara mọ́ ọn.” Ìyá mi wo ara ẹ̀ títí, ó yí padà wá sílé.

Wọ́n fún ọmọ níwèé kà bí ìdánwò, kò lè kà á já, wọ́n ní kó lọ sí ilé ìwé ìjọba mìíràn lọ́nà Ìyànà Ìpájà, níbi tí wọ́n ti ń há mọ́ra wọn, tó gbọ́dọ̀ sọdá títì márosẹ̀ kó tó débẹ̀. Ibo ló ti kẹ́kọ̀ọ́ tí ò lè kà? Ilé ìwé wa yìí náà ṣá! Tíṣà ò tó, òjò ń rọ̀ lé wọn lórí, a ké sí ìjọba títí. Wọn ò rí tíṣà fún wa, ẹni tí wọ́n máa gbé ilé ìwé fún ni wọ́n rí.

Ẹ ní kí ni? Àwọn tó kù ń mọ̀wé sí i? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá ṣa gbogbo ẹ̀wà tí kò jinná kúrò nínú ìkòkò, tí mo bu èyí tó kù fún yín, ṣé ẹ máa ní mo mọ ẹ̀wà sè ni? Ọmọ-ọmọ yín Tolúwalọpẹ́ wà níbẹ̀, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà, kó máa tẹ̀ ẹ́, mi ò ṣépè. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tó ń lé ẹni tí kò mọ̀wé, kí ló wá ń kọ́ni?

Àbí èmi wo ló ń sọ̀rọ̀ ìwé, èmi tí mo sá kúrò níbẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún? Òótọ́ ni. Mò ń kọ́ṣẹ́ wáyà iná ní ibùdókọ̀ Pleasure, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sá o, wọn ò lé mi! Géètì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀yin gan-an bẹ̀ mí kí n padà. Ta ló bẹ Ganiyat?

Ilẹ̀ kíláàsì tí wọ́n lé e kúrò nínú ẹ̀ yẹn, bàbá mi ló rẹ́ ẹ, kí Ọlọ́run forí jì í. Ẹ̀yin lẹ pe àwọn bíríkìlà àdúgbò kí wọ́n wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn náà ẹ gbàdúrà. Lọ́jọ́ yẹn náà a ṣe àmín.

Àràárọ̀ ni Ganiyat ń wọ aṣọ ilé ìwé àtijọ́ yẹn, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo da iyọ̀ sí ògì ẹ̀ kó lè lé mi kiri ilé bó ṣe máa ń ṣe. Ó mu ún tán, Bàbá. Ó mu ògì oníyọ̀ tán, ó fọ abọ́, ó padà lọ jókòó.

Ìyá mi ńkọ́? Ìyá mi ò ṣe àmín mọ́. Ìmáàmù gbàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ, ó panu dé. Wọ́n ní kí ló dé. Ó ní òun ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Hẹn-ẹn. Ẹ ní Ọlọ́run á dá sí i. Ẹ ní kí n gbàdúrà kí n máa lọ. Èmi? Ó dáa, sà, màá gbà á. Ẹ dijú. Ọlọ́run, bá wa dá Bàbá Ọláníyan sí. Ẹ ṣeun, sà, ẹ jẹ́ kí àmín yẹn ròkè díẹ̀ sí i. Má jẹ́ kí wọ́n fojú sunkún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni! Jẹ́ kí Bàbá fúnra wọn fa Ganiyat lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n mú un gba géètì yẹn wọlé, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá bẹ́ǹṣì ẹ̀ padà fún un.

Yéè! Ẹ ti ṣe é! Ẹ ti ṣe àmín, Bàbá! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, fóònù mi ló wà lápò yìí, ó ti gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ohùn yín ròkè ju ti ìyá mi lọ. Ẹ ti fara mọ́ ọn! Hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀! Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ajé, sà. Kẹ́ ẹ má pẹ́ o. Ganiyat ti wọṣọ tipẹ́.