Ọ̀tá tí Mo Ń Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ Lójú Títì

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún gbé e ga sí i! Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ì bá ti di ìdọ̀tí inú gọ́tà àdúgbò Third Ward.

Ẹ mọ̀ pé títì ni mò ń yẹ̀ wò fún ìlú Houston. Ìyàwó mi ń sọ fún yín pé engineer ni mí. Ẹ má dá a lóhùn. Modern school ni mo kà dé, ìyẹn náà, àánú ni. Ṣéènì ni mò ń wọ́ lórí kọnkéré. Ibi tó bá dún bí ìkòkò òfìfo, omi ti jẹ abẹ́ ẹ̀ lọ nìyẹn. Màá fi ọ̀dà kùn ún, kí wọ́n lè mọ títì tí wọ́n máa tún ṣe báyìí àti èyí tó ṣì lè dúró.

Fóòmaànì wa, Otis, ní etí mi ò gbọ́ nǹkan kan, pé bí ibi òfìfo kan bá tún fi ré mi kọjá, òun á lé mi. Ó dùn mí o. Lọ́jọ́ Tuesday, bó ṣe kẹ̀yìn sí mi báyìí, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà ogun, bí a ṣe ń fò sókè gbà á níbí. "Otis, mo tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀!" Gbì! "Mo tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀!" Gbì! Ibẹ̀ sì ń dún bí ìkòkò òfìfo. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún kí n gbọ́ ọ, n ò gbọ́.

Títì là. Mo wọlẹ̀ dé abíyá. Ẹsẹ̀ mi ń fì, omi ń hó lábẹ́ mi. Church, kì í ṣe Jésù ni mo kọ́kọ́ pè. Ìyá mi ni. Ẹnì kejì tí mo pè, Otis ni.

Ọkùnrin yẹn dojú bolẹ̀ lórí kọnkéré tó ń sán, ó gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó fà mí jáde. Ṣòkòtò mi ò tẹ̀ lé mi. Bọ́ọ̀sì àwọn students dúró, wọ́n ń wòran.

Otis ní, "Brother, kí lò ń fò sókè fún?"

Mo ní, "Àdúrà ni, sir."

"Fún ta ni?"

"Fún... fún yín ni, sir."

Háà! Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní látìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún òun mọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dáwọ́ dúró.

Ìtìjú yẹn ju ti ṣòkòtò lọ. Mo ti wá ń gbà á fún un lóòótọ́ báyìí, jẹ́jẹ́, lórí ìjókòó. Ó ní òun ń bọ̀ níbí ní Sunday tó ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀! Ṣùgbọ́n bó bá bi yín irú àdúrà tó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní Yorùbá ìjìnlẹ̀ ni, kò ṣeé túmọ̀. Gbogbo ògo, ti Ọlọ́run ni!